Mò Ń Lọ sí Sydney, Ṣùgbọ́n Ẹ̀rù Aláǹtakùn Ò Jẹ́ Kí N Sùn

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Nọ́ọ̀sì ni mí n'Ìbàdàn. Ọkọ mi ti ríṣẹ́ sí Sydney ní Ọsirélíà, físà wa sì ti jáde. Oṣù kọkànlá ni gbogbo wa máa lọ, àti ọmọbìnrin wa ọmọ ọdún mẹ́rin. Láti kékeré ni mo ti ń bẹ̀rù aláǹtakùn. Bí mo bá rí i lára ògiri, mi ò ní wọ yàrá yẹn mọ́ títí ẹnìkan á fi bá mi pa á, tó sì máa fi òkú ẹ̀ hàn mí. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìrìn àjò yìí ti délẹ̀ ni mo ti ń wo fídíò lórí fóònù: èyí tó ń wọ́ eku lára fìríìjì, àti ibì kan tí jàǹkáriwọ̀ ti bo gbogbo ẹ̀gbẹ́ títì. Màmá mi ní àmì ìdènà ni, kí n lọ gbààwẹ̀. Ọkọ mi ní mò ń ṣe bí ọmọdé. Ó ti ń wá sí mi lọ́kàn pé kó máa lọ ná. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, ẹ sì kú ìmúra ìrìn àjò. Kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi sí. Ẹ ń ro ọjọ́ kan tí ẹ máa wà nílé àjèjì, tí ọkọ yín á ti lọ síbi iṣẹ́, tí kò ní sí àbúrò tàbí aládùúgbò tí ẹ lè pariwo pè, tí nǹkan ọ̀hún á wá wà lára ògiri láàrin ẹ̀yin àti ilẹ̀kùn, tí ọmọ á sì máa wò yín lójú. N'Ìbàdàn, ẹni tó máa bá yín pa á kì í jìnnà. Ìrònú pé ẹ ò ní rí ẹni yẹn mọ́ ló ń gbé oorun lọ lójú yín. Ibẹ̀ gan-an ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí pé bí aláǹtakùn Sydney bá jọ tilé bí kò jọ tilé, ohun tí ẹ nílò ni kí ẹ̀yin fúnra yín lè wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì mọ ohun tí ọwọ́ yín máa ṣe.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé tí ọkọ yín sọ yẹn, ẹ bá mi sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ìgbà èwe ni irú ẹ̀rù yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá tọ́jú ẹ̀, ó lè bá èèyàn wọ yunifásítì, kó bá a dé ẹnu iṣẹ́, kó bá a délé ọkọ. Mo ti tọ́jú sójà tí kì í lè wọ ilé ìwẹ̀ láìjẹ́ pé ìyàwó ẹ̀ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgboyà ò jẹ ẹ́ ní gbèsè níbòmíràn rárá. Bí ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ti kan aláǹtakùn, ọpọlọ á ti pàṣẹ fún ara kó tó ráyè ronú: ọkàn á máa lù kìkìkì, àtẹ́lẹwọ́ á làágùn, ẹsẹ̀ á ti fẹ́ sá. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì á mọ̀ pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sókè nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tó ń bẹ̀rù aláǹtakùn kì í fi í sábà dákú, bó ti wù kó dà bíi pé ó fẹ́ dákú tó. Àwọn tó ń bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ àti abẹ́rẹ́ ló máa ń dákú, torí tiwọn máa ń já wálẹ̀ lójijì.

Kí ló wá dé tí ẹ̀rù yìí ò fi kúrò látọdún tó ti wà? Sísá ni. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sá jáde, ara máa ń tù yín lójú ẹsẹ̀, ìtura yẹn ló sì ń kọ́ ọpọlọ pé sísá yẹn ló gbà yín là. Ọpọlọ ò ráyè rí i rí pé bí ẹ bá dúró, aláǹtakùn ọ̀hún ì bá dúró síbi tó wà, tàbí kó wọ ẹ̀yìn wọ́dúróòbù lọ. Fífi òkú ẹ̀ hàn yín náà, ọ̀kan náà ni. Ó ń tù yín lára lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì ń mú kí tọ̀la le sí i, torí ẹ ti sọ ọ́ di òfin pé ẹ ò lè sùn àfi tí ó bá kú. Àwọn tó fẹ́ràn yín ló ń bá yín ṣe é, inú rere ni wọ́n sì fi ń ṣe é, àmọ́ ẹ̀rù ni wọ́n ń bọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ fídíò wọ̀nyẹn. Òótọ́ ni èyí tó wọ́ eku, ìpínlẹ̀ Queensland ni wọ́n ti yà á lọ́dún 2016. Ohun tó jẹ́ kó tàn kárí ayé ni pé kò wọ́pọ̀. Bó bá jẹ́ ohun tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́ níbẹ̀ ni, ta ni ì bá gbé fóònù sókè? Ti jàǹkáriwọ̀ tó bo ẹ̀gbẹ́ títì, ó jọ ti Gippsland ní ìpínlẹ̀ Victoria, ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Omi ló ya bo ilẹ̀ níbẹ̀, àwọn aláǹtakùn kéékèèké tó ń gbé inú koríko sì ń sá fún omi, wọ́n ń ta okùn kí wọ́n lè gun òkè, àìmọye okùn yẹn ló wá dà bí aṣọ. Ẹ̀dá tó ń sá àsálà ni ẹ̀ ń wò. Fóònù náà kì í dákẹ́: bí ẹ bá ti wo ọ̀kan parí, á gbé mẹ́wàá tó burú jù ú lọ wá. Ẹ dá a dúró. Wíwò tí ẹ ń wò ó lórí bẹ́ẹ̀dì lóru, pẹ̀lú àyà tó ń já, tí ẹ sì ń yára pa á tí ẹ̀rù bá dé góńgó, kì í ṣe ìtọ́jú. Sísá míì ni.

Ní ti màmá, mi ò ní bá yín fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ wọn sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí èèyàn bá lá àlá jàǹkáriwọ̀, ìdènà ni wọ́n máa túmọ̀ rẹ̀ sí. Ẹ gbààwẹ̀ bí ọkàn yín bá fẹ́ ẹ, ẹ gbàdúrà ìrìn àjò; ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtumọ̀ yẹn gba àyè ìtọ́jú. Ẹ̀rù yìí ti wà lára yín tipẹ́tipẹ́ ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ Sydney. Bí ẹ bá wá gbà pé ìránṣẹ́ ọ̀tá ni gbogbo aláǹtakùn tí ẹ bá rí, ẹ ti gbé ẹrù kejì lé orí àkọ́kọ́.

Kí ló wà ní Sydney gan-an? Èyí tó ṣeé ṣe kí ẹ rí jù nínú ilé ni èyí tí wọ́n ń pè ní huntsman. Ó tóbi, ó ń sáré, ara ẹ̀ pẹlẹbẹ débi pé ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó sì máa ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. Abẹ́ èèpo igi ló ń gbé nínú igbó. Bó bá wọlé, ẹ̀yìn kọ́tìnnì tàbí ẹ̀yìn fọ́tò ara ògiri ló máa ń lọ. Kì í dẹ okùn sílẹ̀ fún ẹran, ṣe ló ń lé aáyán àti kòkòrò kiri lóru. Bí wọ́n bá dì í mú, ó lè bu èèyàn jẹ, ojú ibẹ̀ á dunni, á wú díẹ̀, ó tán. Ẹ gba ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi tó lè kọ́kọ́ já yín láyà: ìbátan ẹ̀ wà n'Ìbàdàn. Aláǹtakùn ńlá aláwọ̀ ilẹ̀ tó máa ń jáde lóru ní ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ wa, tí abo ẹ̀ máa ń gbé àpò ẹyin pẹlẹbẹ kan sábẹ́ àyà kiri, ìdílé kan náà ni òun àti huntsman. Ẹ ti ń bá ẹbí yẹn gbélé látọjọ́ tí wọ́n ti bí yín. Ìyẹn ni mo fi sọ pé ẹ ò ní láti dúró di Sydney kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò.

Àwọn méjì wà tó yẹ kéèyàn bọ̀wọ̀ fún ní tòótọ́. Èkíní ni funnel-web Sydney. Dúdú ni, ó ń dán, inú ihò ilẹ̀ tó tutù ló ń gbé, àdúgbò tó tó 160 kìlómítà yí Sydney ká ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ́. Oró akọ ẹ̀ ló le jù, akọ yìí náà ló sì máa ń rìn kiri wá abo nígbà ooru, ní nǹkan bí oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin, pàápàá lẹ́yìn òjò. Mi ò ní fi bò yín lójú pé àsìkò tí ẹ máa dé nìyẹn. Ẹni mẹ́tàlá ni àkọsílẹ̀ fi hàn pé ó pa kó tó di ọdún 1981. Lọ́dún yẹn ni oògùn apa-oró ẹ̀ jáde, iṣẹ́ dókítà Struan Sutherland ní ilé iṣẹ́ àjẹsára ìjọba ibẹ̀, látìgbà náà kò sì sí àkọsílẹ̀ pé ó pa ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn funnel-web tí wọ́n ń gba oró lára wọn láti fi ṣe oògùn yìí, àwọn ará ìlú ló ń mú wọn nínú ọgbà wọn, tí wọ́n ń gbé wọn lọ sí ọgbà ẹranko Australian Reptile Park, lápá àríwá Sydney. Èkejì ni redback, dúdú tó ní ilà pupa lẹ́yìn. Abẹ́ àga tó wà níta, inú àpótí lẹ́tà, inú kẹ̀kẹ́ ọmọdé tí wọ́n ti pa tì ló ń gbé. Ó máa ń dunni gan-an, ó máa ń múni làágùn, ṣùgbọ́n láti ọdún 1956 ni oògùn tiẹ̀ ti wà. Ẹ tún máa gbọ́ orúkọ white-tail, tí wọ́n ní ó ń jẹ ẹran ara èèyàn rà. Àwọn oníṣègùn ibẹ̀ tẹ̀ lé 130 èèyàn tó dájú pé òun ló bù wọ́n jẹ, wọ́n gbé àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 2003, kò sí ẹyọ ẹnìkan tí ara ẹ̀ rà nínú wọn.

Ohun kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn wa tó ń lọ sí Amẹ́ríkà, ó bá ti yín mu. Ní ìlú Lenexa, ní ìpínlẹ̀ Kansas, wọ́n kó brown recluse, aláǹtakùn olóró ni ìyẹn náà, nínú ilé àtijọ́ kan tí èèyàn ń gbé. Láàrin oṣù mẹ́fà, wọ́n kó 2,055. Ó kéré tán, 400 nínú wọn ló tóbi tó ohun tó lè ṣe èèyàn léṣe. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò bu ẹnikẹ́ni jẹ nínú ilé yẹn. Aláǹtakùn kì í wá èèyàn wá. A tóbi jù fún oúnjẹ ẹ̀, bó bá sì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wa, ibi tó máa sá sí ló ń wá. Ìgbà tí wọ́n bá fún un mọ́ inú bàtà, inú ìbọ̀wọ́ tàbí abẹ́ aṣọ ló máa ń buni jẹ.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, mo mọ̀ pé bí ọ̀kan bá yọ lára ògiri lálẹ́ òní, ẹ máa sá. Ìmọ̀ nìkan kì í lé irú ẹ̀rù yìí. Ara ló gbọ́dọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ tiẹ̀, kò sì sọ́nà míì tó fi ń kọ́ ọ ju pé kó wà níwájú ohun tó ń bẹ̀rù, kó dúró, kó sì rí i pé ohun tó ń retí ò ṣẹlẹ̀. Onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kan ní Sweden, Lars-Göran Öst, kọ̀wé lọ́dún 1989 nípa bí wọ́n ṣe lè ṣe ìtọ́jú yìí ní ìjókòó kan ṣoṣo tí kì í ju wákàtí mẹ́ta lọ, pẹ̀lú olùtọ́jú tó mọṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ibi lèèyàn ti máa rí irú olùtọ́jú bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lè ṣe díẹ̀díẹ̀ nílé, díẹ̀díẹ̀ náà sì nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán kékeré kan lórí fóònù, èyí tí kò ní àwọ̀. Kí ẹ tó ṣí i, ẹ kọ ohun tí ẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ sínú ìwé, ẹ kọ iye tí ẹ̀rù yín jẹ́ láti òdo dé mẹ́wàá. Ẹ wá wò ó, ẹ má gbójú kúrò, títí nọ́ńbà yẹn á fi wálẹ̀ dé ìdajì. Ọjọ́ kejì, ẹ tún un ṣe. Tó bá ti di ohun tí ò nítumọ̀ mọ́, ẹ lọ sórí àwòrán ńlá, ẹ lọ sórí fídíò tó ń rìn, ẹ lọ sórí òkú ẹ̀ nínú ìgò tó ní ìdérí.

Ìgbà tó bá kan alààyè ni ẹ máa nílò ẹnìkan tára ẹ̀ balẹ̀, tí kì í fi yín ṣẹ̀fẹ̀. Kó fi ife gíláàsì tó mọ́ gaara bo aláǹtakùn ilé kan mọ́ ara ògiri, kó wá rọra ti páálí pẹlẹbẹ kan sẹ́yìn ife náà, láàrin ẹnu ife àti ògiri. Ẹ jókòó jìnnà sí i níbi tí ẹ ti lè fara dà á, ẹ máa fa àga súnmọ́ ọn. Ẹ wò ó dáadáa: á kọ́kọ́ sáré yí ife ká, á wá dúró, á máa fi ẹsẹ̀ iwájú fọwọ́ kan gíláàsì níbi tó ti ń wá ọ̀nà. Ẹ ṣàkíyèsí bí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe ń yọ̀ lára gíláàsì, ibo ló kọjú sí, ìgbà wo ló sinmi. Nǹkan tí ẹ̀rù ò gbà yín láyè láti wò rí nìyẹn, ẹni tó bá sì ń wo ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kì í ráyè sá. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dé kó tó di oṣù kọkànlá ni pé kí ẹ̀yin fúnra yín di ife yẹn mú, kí ẹ fi bo ọ̀kan, kí ẹ ti páálí sí i, kí ẹ sì lọ dà á síta. Ẹni tó bá ti lè ṣe èyí n'Ìbàdàn ti ní ohun tó máa fi kojú huntsman lọ́wọ́. Ife Sydney kàn máa tóbi díẹ̀ ni. Abọ́ oníke tó mọ́ gaara làwọn kan ń lò níbẹ̀.

Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fipá ṣe é fún yín. Mo mọ àwọn ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tó máa ń ju aláǹtakùn sí àbúrò wọn lára, wọ́n ní àwọn ń lé ẹ̀rù jáde. Ẹ̀rù ni wọ́n ń sọ di méjì. Ẹ̀yin lẹ ní àṣẹ lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ohun kan ṣoṣo tí mo ní kí ẹ má ṣe ni kí ẹ kúrò nígbà tí ẹ̀rù bá wà ní góńgó. Nípa oògùn, díẹ̀ nínú àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ lè ní kí ẹ gbé diazepam sínú báàgì. Mi ò fara mọ́ ọn. Ó ń mú ara rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í jẹ́ kí ọpọlọ kọ́ ohun tó yẹ kó kọ́, ẹni tó bá lò ó ò sì gbọ́dọ̀ wakọ̀.

Ẹ bi mí bóyá kí ọkọ yín máa lọ ná. Bí ẹ bá ní ìdí míì, bóyá owó tàbí iṣẹ́ yín tí kò tíì parí, ẹ̀yin méjèèjì lẹ mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ nítorí aláǹtakùn nìkan, mi ò ní gbà yín níyànjú. Ẹ̀rù tó bá ti lè pín tọkọtaya níyà, ohun tó máa tún béèrè á ju ìyẹn lọ. Mo tún mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ẹ yà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé tibẹ̀ ò lóró tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí oṣù kẹsàn-án bá ti dé, aláǹtakùn ńlá ló máa ń rìn kiri inú ilé wọn, akọ tó ń wá abo. London Zoo pàápàá ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Friendly Spider Programme, fún àwọn ará ìlú tí ẹ̀rù yìí ń bá jà. Ìlú tí ẹ máa sá lọ tí kò ní sí níbẹ̀ ò pọ̀.

Bí ẹ bá dé Sydney, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fún yín nílé bóyá nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé ò ya, kí ẹ sì fi nǹkan dí abẹ́ ilẹ̀kùn tó jáde síta. Bàtà ò gbọ́dọ̀ sùn níta. Bó bá sùn síbẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá ń ro ọgbà. Bí ẹ bá rí aláǹtakùn nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́, ẹ má fọwọ́ kó o, torí funnel-web lè pẹ́ nínú omi kó má kú. Ọkọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fún ní àfiyèsí jù, torí huntsman máa ń sá sẹ́yìn pákó tí wọ́n ń fà wálẹ̀ dí oòrùn níwájú awakọ̀. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ṣínà sí ọkọ̀, ẹ sì pinnu sílẹ̀ láti ilé pé bí ọ̀kan bá yọ lójú ọ̀nà, ẹ ò ní fọwọ́ kúrò lórí ìdarí, ẹ máa rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ máa dúró, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀. Nínú ọkọ̀, ìpayà lè ṣeni ní jàǹbá ju ẹnu aláǹtakùn lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà méjì sára fìríìjì: 000 fún pàjáwìrì, àti 13 11 26 fún àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí oró. Aláǹtakùn dúdú ńlá èyíkéyìí tó bá buni jẹ ní agbègbè Sydney, ẹ kà á sí funnel-web: ẹ fi báńdéèjì wé gbogbo ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà le, láti ibi ìka lọ sókè, ẹ má jẹ́ kó mira, ẹ pe 000. Ti redback ò rí bẹ́ẹ̀; áìsì tí wọ́n fi aṣọ wé ni wọ́n ń gbé lé ojú ibẹ̀, wọn kì í fi báńdéèjì dì í.

Ibi tí agbára lẹ́tà mọ nìyí. Mi ò lè mọ̀ láti ibi tí mo wà bóyá ẹ̀rù yìí dá wà, tàbí àníyàn míì ti wọ̀ ọ́. Bí oorun bá ṣì ń dá lójú yín ní ọjọ́ tí ẹ ò tiẹ̀ ronú aláǹtakùn, bí àyà yín bá ń já láìnídìí, ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó wọkọ̀ òfúrufú. Bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò lè ṣèlérí pé ẹ̀rù yìí ò ní padà. Ohun tí ara kọ́ nílé kan kì í tẹ̀ lé e dé ilé míì tán pátá, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní Sydney bá le. Ẹ tún àwòrán gbé jáde níbẹ̀, ẹ tún ife gbé.

Ó ku ọmọ yín. Ọmọ ọdún mẹ́rin máa ń kọ́ ẹ̀rù láti ojú ìyá ẹ̀. Ẹ ò ní láti ṣe bíi pé ẹ̀rù ò bà yín. Ẹ sọ fún un pé, "Ẹ̀rù ń ba mọ́mì díẹ̀, àmọ́ mọ́mì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe." Kó wà níbẹ̀ bí bàbá ẹ̀ bá ń fi ife bo ọ̀kan. Ẹ kọ́ ọ pé wọn kì í fọwọ́ kan èyíkéyìí, wọn kì í fọwọ́ bọ ihò, bó bá sì rí ọ̀kan, kó pe àgbàlagbà.